Má Sọ Ìtàn Fún Mi: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Kọ Àròkọ Lámèyítọ́ Lítíréṣọ̀

Gbólóhùn kan wà tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ kì í yé fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé akẹ́kọ̀ọ́: "Ìtàn lo sọ." Ó máa ń dun akẹ́kọ̀ọ́, torí ó mọ̀ pé òun ka ìwé náà dé òpin, òun rántí orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn, òun kò sì fo ìṣẹ̀lẹ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ kò parọ́. Ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ ti ka ìwé náà kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kà á. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún un sọ fún òun. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni ohun tí òǹkọ̀wé fi àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ṣe, ọgbọ́n tó ta sí i, àti ohun tí ìwọ alára rí níbẹ̀ tí ẹlòmíràn lè kà kọjá láìfura.

Bí ẹni ń rojọ́ níwájú àgbà ni àròkọ lámèyítọ́ rí. O ní ohun kan tí o gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, o là á mọ́lẹ̀, o pe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí rẹ sì ni ìwé tí o ń sọ̀rọ̀ lé lórí: ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ètò rẹ̀, ohun tó sọ àti ohun tó fi pa mọ́. Gbogbo ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ ọ kò ju bí o ṣe máa rí ohun tí o fẹ́ sọ, àti bí o ṣe máa mú kí ìwé jẹ́rìí sí i. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọ̀dọ́ tó bá mọ iṣẹ́ yìí kò ní máa gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé ìtàn, ti inú ìwé ìròyìn tàbí èyí tí olóṣèlú ń sọ lórí pèpéle.

Kíkà tó ṣáájú kíkọ

Kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Ní kíkà àkọ́kọ́, jẹ́ kí ìtàn gbé ọ lọ. Má fa ìlà sábẹ́ ohunkóhun. Ẹni tí kò gbádùn ìwé kì í sábà rí ohun gidi sọ nípa rẹ̀. Nígbà kejì, mú pẹ́ńsù dání. Sàmì sí ibi tó yà ọ́ lẹ́nu. Sàmì sí ọ̀rọ̀ tàbí nǹkan tó bá ń padà wá: aṣọ kan, orin kan, oúnjẹ kan, ilẹ̀kùn kan. Sàmì sí ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti sọ ohun kan tó wá ṣe òdìkejì rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, sàmì sí ibi tí òǹkọ̀wé ti dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Kọ nọ́ńbà ojú ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkíyèsí kọ̀ọ̀kan, kó má di pé o ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ yẹ kó délẹ̀.

Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà nítòsí ilé-ìwé, tí wọ́n ti gé ìtàn ńlá sí ojú ìwé mélòó kan, àti àkópọ̀ tí fóònù ń kó jọ kí a tó ṣẹ́jú, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ. Ìtàn lásán ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ gan-an tí òǹkọ̀wé lò, tí ẹjọ́ rẹ dúró lé lórí, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ dànù.

Ohun tí o fẹ́ sọ gan-an

Ẹ̀kọ́ yìí kò lè yéni láìsí ìwé kan pàtó níwájú ẹni. Jẹ́ ká mú *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn láàárín 1961 sí 1962, tó sì di ìwé títẹ̀ ní 1970. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, bí ti kú. Ó ṣòfin pé ẹrúbìnrin òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin òun kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Ikú ni ìjìyà rẹ̀. Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀, lóyún fún Ìtáwuyì, ẹrúkùnrin rẹ̀, Ìyálóde sì pa á gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Ìtáwuyì fẹ́ fi májèlé gbẹ̀san, ète náà já sófo. Níkẹyìn, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, àti àwọn ìjòyè kógun wá bá Ìyálóde, agbára bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Ṣàkíyèsí pé ìpínrọ̀ kan péré ni mo fi sọ ìtàn yẹn. Nínú àròkọ rẹ, kò gbọdọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá.

Ká ní ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́ ni pé: "Ṣe àlàyé ìfìwàwẹ̀dá Ẹfúnṣetán." Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ báyìí: Ẹfúnṣetán jẹ́ ìkà obìnrin. Ta ni yóò bá ọ jiyàn? Kò sí. Ohun tí kò sí ẹni tó lè jà á níyàn kò nílò àròkọ. Ó ti parí lójú ẹsẹ̀ tí o kọ ọ́. Ẹlòmíràn á sún mọ́ ọn díẹ̀: Ẹfúnṣetán ń hùwà ìkà nítorí pé ọmọ rẹ̀ kú. Èyí sàn jù, torí ó ti ń wá ìdí. Àmọ́ eré náà fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì fi nǹkan kan kún un.

Wá wo ẹ̀kẹta: Òfin tí Ẹfúnṣetán ṣe nítorí ìbànújẹ́ rẹ̀ ló sọ agboolé rẹ̀ di ọ̀tá rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kí Látòósà tó kógun dé, ogun ti wà nínú ilé tipẹ́. Èyí ni mo ń pè ní ohun tí o fẹ́ sọ. Ènìyàn lè bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Ó lè ní Látòósà ló ṣẹ́gun, kì í ṣe òfin. Ìwé lè jẹ́rìí sí i, láti orí oyún Adétutù dé orí ète Ìtáwuyì. Ó sì ti ń tọ́ka ọ̀nà tí àròkọ yóò gbà: òfin, lẹ́yìn náà ohun tí òfin ṣe sí àwọn ará ilé, lẹ́yìn náà ohun tí àwọn ará ilé ṣe sí ẹni tó ṣòfin.

Gbólóhùn yìí kì í sábà wá lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè ni ìyá rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "kí ló dé": kí ló dé tí Ìṣọ̀lá fi gbé òfin lé oyún, kì í ṣe lé olè jíjà tàbí sísá lọ? Kí ló dé tí ẹni tó lówó tó bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rù ọmọ inú ẹrú? Kọ ìdáhùn tí o bá ní sílẹ̀, kódà bí kò dá ọ lójú. Nígbà tí o bá rí ìdáhùn kan tó mú kí o fẹ́ padà lọ tún ìran kan kà, o ti dé ibẹ̀.

Nígbà tí ìtàn gidi bá wà lẹ́yìn eré

Ẹfúnṣetán gbé ayé rí. Inú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ni ọ̀pọ̀ ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀sùn tí Johnson ní Látòósà fi kàn án kò jọ ti inú eré: ó ní kò bá òun lọ sójú ogun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ nígbà tí ogun ń lọ, kò sì jáde wá kí òun káàbọ̀ nígbà tí òun dé. Ní 1874 ni wọ́n yọ ọ́ lóyè, ọdún yẹn náà sì ni àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi ojú ìwé méjì sọ ìtàn Ìbàdàn, wọ́n á wá parí rẹ̀ pé òǹkọ̀wé "kò sọ òótọ́". Eré kì í ṣe ìwé ìtàn, Ìṣọ̀lá kò sì jẹ ìtàn ní gbèsè. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì wúlò fún ọ gan-an bí o bá mọ ohun tí o máa bi í. Nínú ìtàn, ọwọ́ ẹrú ló pa Ìyálóde. Nínú eré, ẹrú gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló padà pa á. Òǹkọ̀wé gba ikú náà lọ́wọ́ ẹrú, ó gbé e lé ọwọ́ ẹni tó kú. Ẹni tó bá lè sọ ìdí rẹ̀ ti ní kókó fún odindi ìpínrọ̀ kan, bóyá fún àròkọ lódindi.

Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ nípa ìtàn, kọ̀wé lórí Ìyálóde yìí nínú ìwé kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992, tó dá lórí àwọn obìnrin nínú ìtàn Nàìjíríà. Bí o bá fẹ́ jiyàn pé eré náà ṣe obìnrin alágbára ní àìdáa, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí o lọ kà, kí ọ̀rọ̀ rẹ má bàa jẹ́ ìbínú nìkan.

Ìpínrọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ kan náà

Mo fẹ́ ká dúró níbí dáadáa. Èyí ni irú ìpínrọ̀ tí olùkọ́ ń fi bírò pupa kọ nǹkan sí:

*Lẹ́yìn èyí, Ẹfúnṣetán gbọ́ pé Adétutù ti lóyún. Inú bí i gan-an. Ó ní kí wọ́n mú un wá, ó sì pa á. Ìtáwuyì banú jẹ́, ó wá fẹ́ fún Ẹfúnṣetán ní májèlé ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn èyí ni Látòósà wá, Ẹfúnṣetán sì gbé májèlé jẹ. Èyí fi hàn pé ìkà kò dára.*

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "lẹ́yìn èyí" ló so ó pọ̀, bí aago ṣe ń ka wákàtí. Ẹ̀kọ́ ìwà tó wà ní ìparí rẹ̀ bá ẹgbẹ̀rún ìwé mìíràn mu. Kò nílò Ìṣọ̀lá. Wá ka èyí:

*Ẹ̀ẹ̀mejì ni májèlé wọ inú eré yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló sì gbé ìdájọ́ òǹkọ̀wé jáde. Àkọ́kọ́ wá láti ọwọ́ Ìtáwuyì. Inú agboolé Ẹfúnṣetán gan-an ló ti hù. Òfin tó pa Adétutù ló bí i. Ó já sófo. Ẹ̀ẹ̀kejì, Ẹfúnṣetán ló gbé e fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí kò ku ẹnì kankan tó lè pàṣẹ fún mọ́. Bí májèlé àkọ́kọ́ bá ti ṣiṣẹ́, ikú Ìyálóde ì bá jẹ́ ẹ̀san ẹrú kan ṣoṣo, àánú obìnrin náà ì bá sì ṣe wá. Nítorí pé kò ṣiṣẹ́, Ìṣọ̀lá jẹ́ ká rí obìnrin tó ti ń dájọ́ ikú fáwọn ẹlòmíràn títí tó fi kan ara rẹ̀. Ikú tó pa á ni àṣẹ ìkẹyìn tó pa.*

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ nǹkan kan tí ènìyàn lè yẹ̀ wò, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Ìpínrọ̀ yìí fò láti àárín eré dé ìparí rẹ̀ láìṣàlàyé ohun tó wà láàárín, torí kókó ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́. Wo gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bí májèlé àkọ́kọ́ bá ti ṣiṣẹ́". Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lágbára púpọ̀: fojú inú wo eré náà lọ́nà mìíràn, wàá tètè rí ohun tí òǹkọ̀wé rí gbà nínú èyí tó yàn.

O lè má fara mọ́ ìparí ìpínrọ̀ mi. O lè sọ pé ìtìjú ló pa á, kì í ṣe àṣẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣí ìwé, wo ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn, kí o fi ta kò mí.

Bí a ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ lò

Ìpínrọ̀ mi ṣì ku nǹkan kan: ọ̀rọ̀ gan-an láti inú ìwé. Yan àyọlò tó kúrú. Ìlà kan tàbí méjì tó láti jẹ́rìí. Odindi ojú ìwé tí o dà sínú àròkọ rẹ kàn ń gba àyè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ ni. Dà á kọ bó ṣe wà, títí kan àmì ohùn àti ìdánudúró. Kí o tó gbé e kalẹ̀, sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ nọ́ńbà ojú ìwé, kí o wá tú u.

Àyọlò tí a kò tú kò wúlò. Má fi "èyí fi hàn pé" ré e kọjá. Dúró lórí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀dá ìtàn yìí lo "wa" níbi tó yẹ kó ti lo "mi"? Ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ẹ̀dá ìtàn náà kò mọ̀ pé ó ń gbọ́? Ó kéré tán, gbólóhùn méjì tìrẹ ni kó tẹ̀ lé gbólóhùn kan ti òǹkọ̀wé.

Bó bá sì jẹ́ eré ni, rántí pé kò sí asọ̀tàn níbẹ̀. Látòósà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ìṣọ̀lá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "Ìṣọ̀lá sọ pé" lórí ohun tí Ààrẹ sọ nínú ìbínú ti fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ́ òǹkọ̀wé lọ́rùn. Ohun tí òǹkọ̀wé ń sọ, a máa ń rí i nínú bó ṣe to àwọn ìran, ẹni tó fún láyè láti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tó jẹ́ kó dákẹ́, àti ìlànà tó kọ fún àwọn òṣèré.

Ọnà èdè: ohun tó ń bà wá níṣẹ́ jẹ́ jù

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlò èdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń to orúkọ ni: a rí àfiwé tààrà, a rí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, a rí àwítúnwí, a rí ìfohunpènìyàn, a rí àsọrégèé. Apẹẹrẹ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ wọn ló fà á. Wọ́n ti há orúkọ wọ̀nyí sórí kí wọ́n tó mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Orúkọ ọnà èdè kò ju orúkọ lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni àròkọ rẹ ń wá.

Mo máa fi ìlà kan hàn ọ́, èmi ni mo ṣe é, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ká ní ọlọ́rọ̀ kan dìde nínú eré, ó ní: "Ilé mi ni, ẹrú mi ni, òfin mi ni."

Ẹni tó ń to orúkọ á kọ "àwítúnwí", á sì kọjá lọ. Dúró ná. "Mi ni" padà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tó ṣáájú rẹ̀ ń yí padà. Ilé jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kọ́, kó sì jẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà sí i. Ẹrú jẹ́ ènìyàn. Ní ayé ìgbà yẹn, owó lè sọ ọ́ di ti ẹnì kan, àmọ́ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Òfin ńkọ́? Òfin kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ìlú ni. Àwítúnwí náà mú kí ohùn ọ̀rọ̀ dọ́gba, tó fi jẹ́ pé etí lè gba ẹ̀kẹta wọlé bó ṣe gba àkọ́kọ́, láìmọ̀ pé olówó yìí ti gba nǹkan ìlú mọ́ tirẹ̀. Dídọ́gba ohùn ló fi ìwà jìbìtì inú ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Bí o bá lè sọ irú èyí nípa ọnà èdè kan ṣoṣo nínú ìwé tí o ń yẹ̀ wò, ó sàn ju kí o to méjìlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àmì ohùn ti wọlé nìyí. Ènìyàn kò lè ṣe lámèyítọ́ ewì Yorùbá láìfi àmì sórí ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ ewì J. F. Ọdúnjọ tí wọ́n ń pè ní *Iṣẹ́ Loògùn Ìṣẹ́*. Yọ àmì kúrò lára àkọlé yẹn, ọ̀rọ̀ méjì tí òǹkọ̀wé fi kọjú ìjà síra wọn á wá jọ ọ̀rọ̀ kan náà, ohun tí o fẹ́ tú á sì ti pòórá kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà lórí ewì alohùn, oríkì, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá, kó wá ìwé tí Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ ní 1984.

Ta ló ń sọ ìtàn?

Nínú ìtàn àròsọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nìyí nígbà gbogbo. Wo *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Ìrìn-àjò Àkàrà-ògùn ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Àmọ́ Àkàrà-ògùn kọ́ ló kọ ìwé náà. Ẹnì kan jókòó, àgbàlagbà kan wá bá a, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ohun tí òun ń sọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn ti gbọ́, wọ́n wá jókòó tì wọ́n. Nítorí náà, ohùn méjì ló ń bá wa sọ̀rọ̀, èrò tó ń gbọ́ sì wà nínú ìwé fúnra rẹ̀.

Kí lèyí wúlò fún? Ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ ìwà pọ̀ nínú ìwé Fágúnwà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ronú á ní òǹkọ̀wé kàn fẹ́ràn ìwàásù ni. Bí o bá rántí pé ènìyàn kan ló ń ṣẹnu sọ ìtàn fún èrò tó jókòó níwájú rẹ̀, ìmọ̀ràn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ohun tí àgbà onítàn máa ń ṣe láti di etí àwọn olùgbọ́ mú. O lè gbà pé ó ṣàṣeyọrí, o sì lè sọ pé ó pọ̀ jù. Ó kéré tán, ibi tó yẹ lo ti ń wò ó. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ odindi ìwé lórí àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974. Kà á lẹ́yìn tí o bá ti ní èrò tìrẹ, kí tirẹ̀ má bàa gba ìjókòó tìrẹ.

Bó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì lo fi ń kọ, tí o sì ń lo ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé yìí ní 1968, dárúkọ Ṣóyínká. Má sì tú ọnà èdè Fágúnwà láti inú ìtumọ̀. Ọnà tí o rí níbẹ̀ lè jẹ́ ti Ṣóyínká.

Ìwé méjì pọ̀

Wọ́n lè ní kí o ṣe àfiwé. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1946, nígbà tí ọ̀gá òyìnbó dá Olókùn Ẹṣin dúró kó má bàa bá Aláàfin tó wàjà lọ. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré *Ọba Wàjà* ní 1964. Ṣóyínká kọ *Death and the King's Horseman* lé e lórí ní 1975, ó sì gbé e padà sí àkókò Ogun Àgbáyé Kejì. Má fi ìdajì àkọ́kọ́ sọ ti Ládípọ̀ kí o wá fi ìyókù sọ ti Ṣóyínká. Òǹkàwé á máa dúró de àfiwé títí iṣẹ́ á fi parí. Kókó kan ni kí o mú, bí àpẹẹrẹ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, kí o gbé ìwé méjèèjì síbẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kan náà. Ìbéèrè nípa ogun tí Ṣóyínká fi kún un, tí kò sí níbẹ̀ ní 1946, nìkan tó fún ìpínrọ̀ tó lọ́ràá.

Ẹni tó máa ta kò ọ́

Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Kí o tó parí, wá ohun tó lágbára jù lọ tí ènìyàn lè fi bi ẹjọ́ rẹ wó, kí o sì sọ ọ́ jáde bí ẹni tó gbà á gbọ́ ṣe máa sọ ọ́. Lórí *Ẹfúnṣetán*, ẹnì kan á ní: àwọn ìjòyè ọkùnrin ló fẹ́ gba agbára lọ́wọ́ obìnrin olówó, òfin àti ẹrú kàn jẹ́ àwáwí. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìtàn Johnson pàápàá gbè é. Má fi ọwọ́ gbá a dànù. O lè dáhùn pé bí Látòósà tilẹ̀ ń wá àwáwí, òfin Ẹfúnṣetán ló fi í lé e lọ́wọ́, kò sì ku ẹnì kan nínú ilé rẹ̀ tó fẹ́ jà fún un. Ó sì lè jẹ́ pé wàá rí i pé ẹni náà jàre níbì kan, kí o padà lọ tún gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ ṣe. Àtúnṣe yẹn ló máa ń sọ àròkọ lásán di àròkọ tó dáńgájíá.

Ìfáárà, ìkádìí àti gbọ̀ngàn ìdánwò

Ìfáárà ni kí o kọ kẹ́yìn, nígbà tí o ti mọ ohun tí o sọ. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Má sọ ibi tí wọ́n ti bí òǹkọ̀wé àti ilé-ìwé tó lọ, àyàfi bí ẹjọ́ rẹ bá nílò rẹ̀. Dárúkọ ìwé, dárúkọ òǹkọ̀wé, gbé ìṣòro tó wà níbẹ̀ kalẹ̀, kí o sọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ní ìkádìí, má tún gbogbo rẹ̀ kà bí orúkọ nínú rẹ́jísítà. Sọ ohun tí a wá rí nínú ìwé náà nísinsìnyí tí a kò rí kí o tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àyè kò sí fún àtúnkọ, torí náà fi ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ronú kí o tó kọ ohunkóhun. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe inú ìbéèrè: "jíròrò" ń fẹ́ ìhà méjì, "ṣe àfiwé" ń fẹ́ ìwé méjì nínú ìpínrọ̀ kan, "ṣe àlàyé" ń fẹ́ ìdí. Kọ gbólóhùn ẹjọ́ rẹ sí apá kan, kí o máa wò ó.

Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tí o ń ṣe nílé, fi í sílẹ̀ mọ́jú kí o tó fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà, ka gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, má ka ìyókù. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtàn ṣì ni o ń sọ. Tún wọn kọ. Bí wọ́n bá ń sọ ohun tí ìwé ń ṣe, tí ọ̀kan sì ń ti èkejì síwájú, kà á sókè ketekete, torí etí máa ń gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Yẹ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn wò pẹ̀lú àmì wọn, yẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kí o tó fún un lákọlé. "Àtúpalẹ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà" kò sọ nǹkan kan fún olùkọ́ tó ní odindi kíláàsì láti máàkì; "Májèlé Ẹ̀ẹ̀mejì: Òfin àti Ikú Nínú *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*" á jẹ́ kó fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì.